Olórí Méjì Ni, Ẹ Má Pa Á

Tí mo bá sọ fún àwọn ará Èkó pé òkèèrè ni mo wà, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n á ní, "Ṣebí Yorùbá lò ń sọ yìí? Òkèèrè wo, jàre?" Lójú tiwọn, ẹni tó bá wọ bàálù nìkan ló lọ sókè òkun. Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n bí mi sí, lódìkejì bọ́dà, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò jìnnà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìgàndò láàárọ̀ lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé ìyá mi, bí àwọn aṣọ́bodè bá jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n owó wa kì í ṣe owó yín, Faransé ni wọ́n fi nà wá nílé ìwé, ọlọ́pàá tó bá sì dá mi dúró ní Ìkọ̀tún kì í bi mí bóyá mo gbọ́ Yorùbá, ìwé ló ń béèrè. Èmi ṣá mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí èèyàn bá ti ń fi fóònù tọ́ ọmọ rẹ̀, òkèèrè ni.

Torí ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe wá: kí n rí ibi tó dáa tí ìyàwó mi àti ọmọ wa lè wá bá mi gbé. Ìyá Àmínà ni mò ń pè é. Onídìrí ni, kò sì sí irú irun tí kò lè dì. Àwọn obìnrin ń ti Pọ́bẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ rẹ yìí, Èkó ló yẹ ẹ́." Ọjọ́ tí mò ń lọ, kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ máa lọ o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá di ẹrù mi." Àmínà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, ó ń bi mí bóyá mo máa ra bàtà bọ̀ lálẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ ńlá kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ejò ni mo mọ̀. Nílé, mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ó ń kó mọ́námọ́ná jọ fún àwọn òyìnbó. Ẹ má yanu. Àwọn òyìnbó ń sin ejò nínú ilé bí àwa ṣe ń sin ewúrẹ́, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á ra àpótí onígíláàsì fún un. Iṣẹ́ tiwa ni ká gbẹ́ ihò, ká gbé abo tó lóyún, ká tọ́jú ẹyin títí yóò fi pa, ká sì dá díẹ̀ padà sínú igbó. Ọ̀gá yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ejò kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìrù ńkọ́? Ikùn ńkọ́? Ètè ńkọ́?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á tún gbá èèyàn létí tó bá kánjú. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ọgbà náà, iṣẹ́ parí.

Nínú ìdílé tiwa, a kì í pa ejò tí kò ní oró tó bá wọlé. Bàbá bàbá mi ló fi lélẹ̀, ẹ̀sìn ìmàle ò sì pa á rẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò sọ bísímílà, yóò fi ọwọ́ gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ, yóò sì kí i pé ó dàbọ̀. Obìnrin tí a bá gbé níyàwó náà á kọ́ ọ. Mọ́námọ́ná la sábà máa ń rí. Ìkejì ni olórí méjì, ejò kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀, tí ìrù rẹ̀ nípọn, tó rí roboto bí orí. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín, á wá gbé ìrù sókè kẹ́ ẹ máa rò pé orí nìyẹn. Kò ní oró. Kì í bu èèyàn jẹ. Ọmọdé lè gbé e.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù l'Ékòó kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe èrò. Bí wọ́n ṣe ń pa ejò ni. Iṣẹ́ lébìrà ni mo kọ́kọ́ rí, ní Egan, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sínú ohun tó jẹ́ igbó lánàá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ṣọ́bìrì ẹnì kan hú olórí méjì kan síta. Ariwo ta. Ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń ka áyátù kúrúsíyù, ẹnì kẹta ti fi igi lu ejò náà ní ìrù, ó rò pé orí lòun lù.

"Ẹ má pa á!" ni mo ké. Mo bẹ́ sínú kòtò, mo gbé e. Ó ká ara rẹ̀ jọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́ni tó kù létí kòtò àfi fọ́ọ̀màn, òun náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì.

"Kútọnu!" ó ké láti ọ̀hún. "Ju nǹkan yẹn nù! Àbí o fẹ́ fi ṣe oògùn owó ni?"

"Kò lè ṣe nǹkan kan, ọ̀gá. Ẹ wá wò ó."

"Èmi? Kí n wá wo kí ni? Ìyá mi ò bí mi fún ejò o!"

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó bá mi jẹun. Tí mo bá fi kọ́ọ̀pù bu omi, wọ́n á wá kọ́ọ̀pù mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀, Kútọnu tí wọ́n ń pè mí yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ ọ́ títí pé Ṣakẹ́tẹ́ ni mo ti wá, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Ó máa ń dùn mí. Tó bá jẹ́ pé mi ò gbọ́ èdè wọn ni, ǹ bá mọ̀ pé àlejò ni mí, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo èébú, mo gbọ́ gbogbo yẹ̀yẹ́, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sín mi jẹ tí mo bá yísẹ̀ padà. Mo máa ń dé yàrá tí àwa márùn-ún jọ ń sùn, màá pe ilé, màá ní, "Ara mi le, ibí yìí dùn." Ìyá Àmínà á ní, "Àlùhámúdùlílà." Á wá lọ ròyìn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé Bàbá Àmínà ní Èkó dùn.

Fídíò tí ẹnì kan yà lọ́jọ́ ejò yẹn ló gbé Ọ̀gá Dèjì wá. Kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. Ajá ló kọ́kọ́ ń tà, ó bọ́ sórí ayékòótọ́, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ejò, torí pé àwọn ọmọ olówó ti ń béèrè rẹ̀. Ó mú mi wọ yàrá kan tó kún fún àpótí onígíláàsì, ó gbé ejò kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi wo eléyìí. Bóà oníyanrìn ni wọ́n pè é tí mo fi rà á."

Mo wo ìrù, mo wo ikùn, mo wo ètè. Ihò wẹ́wẹ́ tò sí ètè òkè. "Ọ̀gá, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Bóà oníyanrìn kì í ní ihò létè. Ọmọ mọ́námọ́ná ni."

Ó gbá orí ara rẹ̀. "Yéè! Ẹni tó tà á fún mi, ìjọ kan náà la jọ ń lọ o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó sì gbà mí síṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti wá mọ bóà dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ bóà, ejò ńlá inú fíìmù ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Wọn ò mọ̀ pé àwọn kéékèèké wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Ọ̀kan ń ti ilẹ̀ Haúsá wá, kò gùn ju apá mi lọ, inú iyanrìn ló ń sùn, ojú nìkan ló ń yọ síta. Òmíràn wà tí wọ́n gbé wá láti Kẹ́ńyà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, mo sì máa ń jókòó tì í tí mi ò bá níṣẹ́. Ọ̀gá Dèjì ló kà á fún mi nínú fóònù rẹ̀ pé olórí méjì tiwa náà, ìdílé bóà ni wọ́n kà á mọ́ báyìí. Tẹ́lẹ̀, ìdílé mọ́námọ́ná ni wọ́n fi í sí, torí pé ẹyin ló ń yé, ọ̀pọ̀ bóà tó kù sì ń bímọ láàyè.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Òun náà, wọn ò tíì mọ ilé tó ti wá."

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fún àwọn ejò lómi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ kan tí mo láyọ̀ fún yín, torí wọn ò pọ̀. Lọ́jà Ìkọ̀tún, ejò kan jáde nínú àpò ẹ̀wà tó ti Òkè Ọya dé. Ó ki, ó kúrú, ó ní àpá bíi ti paramọ́lẹ̀, gbogbo ìsọ̀ sì tú. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe Kútọnu eléjò. Wọ́n pè mí, mo gun ọ̀kadà láti Ẹ̀gbẹ́dá. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àpò náà, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Paramọ́lẹ̀ ní ọrùn tínrín lẹ́yìn orí ńlá. Eléyìí ò lọ́rùn rárá. Ìrù rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ kéré. "Bóà ni," mo wí, mo sì gbé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Alhaji tó ni ẹ̀wà wọn kóńgò méjì fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́." Bàbá! Mi ò gbọ́ kí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ fọ̀wọ̀ pè mí láti ìgbà tí mo ti dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ejò yẹn bí ọmọ méje.

"Méje?" Ìyá Àmínà ké lórí fóònù. "Láàyè?"

"Láàyè, bí ọmọ ajá."

"Ẹ̀yin àti ejò yín! Ta ló gbẹ̀bí?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí Àmínà fi wá ń béèrè ohun tó ń pa màmá òun lẹ́rìn-ín. Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Yàrá wa ńkọ́?"

Mo ti rí i. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ní Egan kan náà, kàǹga wà lẹ́yìnkùlé, ṣọ́ọ̀bù kékeré wà níwájú tí obìnrin mẹ́ta lè jókòó sí kí wọ́n máa dirun. Alhaja tó nilé wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́ nípa ẹ o. Ejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé mi." Mo ní kò ní wọ̀ ọ́, kò sì wọ̀ ọ́ rí. Mo kun ògiri fúnra mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, títí kan àwọ̀ ọ̀dà. Ó ní, "Ó dáa. Tí Iléyá bá ti kọjá, ẹ máa retí wa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àmínà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ de Èkó, á gba fóònù ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Bàbá, gúdù mọ́nìn!" Mo ti ń sùn dáadáa nígbà yẹn. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní ọdún kẹrin mi l'Ékòó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá tó dé. Ọ̀gá Dèjì ní àlejò, tọkọtaya olówó kan tó fẹ́ ra ejò fún ọmọ wọn. Ó fà mí síwájú, ó ní, "Dókítà wa rèé. Ẹ gbé ejò kankan wá láyé yìí, tó bá ti gán-án-ní rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n." Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí mi, òórùn dídùn ń ta lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ìyá Àmínà ló fi àwòrán ránṣẹ́, pẹ̀lú ohùn.

"Bàbá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ejò yìí. Ìdí ìkòkò omi ni mo ti rí i. Aládùúgbò wa ti mú àdá dání. Mo ní kó dúró ná, kí n bi yín."

"Ẹ wò ó!" ni Ọ̀gá Dèjì wí fún àwọn àlejò. "Láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń bi Bàbá!"

Àwòrán náà ṣókùnkùn, ọwọ́ ẹni tó yà á ti gbọ̀n. Ejò kékeré dúdú kan, orí àti ìrù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ó tẹ ọrùn, ó doríkodò. Mo fi han obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ rí i bó ṣe ń fi orí pamọ́? Olórí méjì nìyí. Ìdílé bóà ni." Mo wá gbé fóònù sẹ́nu, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ: "Olórí méjì ni, ẹ má pa á. Ìyá Àmínà, sọ bísímílà, fi ọwọ́ dì í mú lẹ́yìn orí, gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ. Kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn á mú bóà ilẹ̀ Kẹ́ńyà yẹn. Ọ̀gá Dèjì gbá mi lẹ́yìn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú mi dùn gan-an. Mi ò béèrè ìrù. Mi ò béèrè ikùn. Mi ò béèrè bóyá ara rẹ̀ ń dán. Ọ̀gá mi tó ti kú ì bá ti gbá mi létí kí n tó la ẹnu.

Mo ṣì ń fi bí wọ́n ṣe ń fún ejò lóúnjẹ han àwọn àlejò nígbà tí fóònù tún dún. Àmínà ni, ó ń sunkún. "Bàbá, ejò yẹn ti bu Màámi jẹ!"

Mo ní, "Kì í bu èèyàn jẹ."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ìyàwó mi ń ké lẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, èmi ń bá ọmọ ọdún mẹ́jọ jiyàn. "Kì í bu èèyàn jẹ, Àmínà. Olórí méjì kì í bu èèyàn jẹ."

Aládùúgbò gba fóònù, ó ti pa ejò náà, ó nà án sílẹ̀ gbọrọ, ó ya àwòrán mìíràn. Èyí mọ́lẹ̀ dáadáa. Dúdú ni, ó ń dán bí bàtà tí wọ́n kùn, ẹ̀gún kékeré kan wà ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Kì í ṣe olórí méjì. Ejò yẹn náà wà nílẹ̀ wa, inú ilẹ̀ lòun náà ń gbé. Eyín oró rẹ̀ ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu láìjẹ́ pé ó lanu. Ẹni tó bá dì í mú lẹ́yìn orí ti fún un ní ọwọ́ jẹ nìyẹn. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í fi orí pamọ́, imú ló máa ń tì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ ejò gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mọ́kànlá.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò kú, Ọlọ́run ṣàánú. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e dúdú, wọ́n wú, wọ́n rà. Wọ́n gé méjèèjì.

Nígbà tí mo délé, ó wà lórí ẹní níwájú ilé, ó fi ìborùn bo ọwọ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Àmínà. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó ní kí Àmínà bu omi fún mi. Mo wo irun ọmọ mi, ẹlòmíràn ló dì í, kò dọ́gba. Ẹkún gbé mi. Mo wólẹ̀ síwájú ìyàwó mi láàárín agbo ilé, ìyá mi ń wò mí, mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Torí Ọlọ́run, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín," ó wí. "Látọjọ́ tí wọ́n ti gé e ni mo ti dárí jì yín. Ẹ dìde jàre, ẹ má jẹ́ kí aráyé máa wò wá."

Bó ṣe ń pè mí ní "ẹ̀yin" síbẹ̀, ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo ń retí èébú. Mo ti gbàdúrà fún èébú lójú ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ ká jọ máa lọ, yàrá ti wà nílẹ̀, mo ti kùn ún. Ó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ ìborùn, ó gbé e síwájú mi. "Kí ni mo fẹ́ fi èyí dì l'Ékòó?" Mo ní kò ní ṣiṣẹ́, èmi á máa bọ́ wọn. Ó ní òun ti gbọ́. Mo padà sí Egan lémi nìkan, Iléyá sì bá mi níbẹ̀.

Ọ̀gá Dèjì bá mi kẹ́dùn, kò burú sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí mo dé, ó gbé ejò kan wá, ó ní, "Bàbá, kí lèyí?" Mo wò ó. Ọmọ mọ́námọ́ná ni, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Mo wo ìrù, mo wo ikùn, mo wo ètè, mo rí ihò wẹ́wẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mi ò sì lè là. Ó ní, "Bàbá?" Mo ní kó fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i. Títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò dá a lóhùn. Ó fara dà á fún oṣù kan ó lé, kó tó wá ẹlòmíràn. Mo ti padà sídìí lébìrà. Búlọ́ọ̀kù ò ní kí n sọ orúkọ òun.

Ohun tí mi ò mọ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó wà lókèèrè, ohùn nìkan ló ní. Nílé, wọ́n á rí ọ tó o bá ń jí, wọ́n á rí ọ tó o bá ń ṣiṣẹ́, tó o bá sọ̀rọ̀ tí kò tọ́, wọ́n á wo ojú rẹ, wọ́n á mọ̀. Lókèèrè, ohun tó o bá sọ lórí fóònù náà ni ìwọ. Ìyàwó mi ti máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá Àmínà ní báyìí, Bàbá Àmínà ní bẹ́ẹ̀." Kò sọ ọ́ mọ́. Tí mo bá ní kó fún Àmínà ní oògùn ibà, á ní ó dáa, lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ pé ó kọ́kọ́ lọ bi ẹlòmíràn. Kò ṣẹ̀. Èmi náà ì bá lọ bi ẹlòmíràn.

Oṣù tó kọjá, mo tún gbìyànjú. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni, a ti kí ara wa tán. Mo ní, "Ìyá Àmínà, yàrá yẹn ṣì wà o. Omi ò wọ́n, mọ́ṣáláṣí ò jìnnà, ilé ìwé wà lẹ́bàá títì fún Àmínà. Tó o bá dé, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè padà."

Ó ní, "Bàbá Àmínà, mi ò pè yín ní òpùrọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Ó wù mí kí ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Ó wu èmi náà. Ẹ wá ẹnì kan tó ti rí yàrá náà, kó bá mi sọ̀rọ̀. Kó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

Mo ní Alhaja onílé á bá a sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe onílé. Onílé wo ni yóò ní ilé òun ò dáa?"

Mo ní kó jẹ́ kí n fi fídíò hàn án nísinsìnyí, kó fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo ẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. Kò gbóhùn sókè. "Bàbá Àmínà, fóònù náà lẹ fi wo ejò yẹn."

Mo ní kò burú, màá wá ẹnì kan. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí fóònù, mo ń ka orúkọ inú rẹ̀ láti òkè. Ọ̀gá Dèjì ò dé Egan rí, èmi ni mò ń lọ bá a. Fọ́ọ̀màn ò mọ ibi tí mò ń sùn. Alhaji tó ni ẹ̀wà, orúkọ rẹ̀ gan-an mi ò mọ̀. Àwọn mẹ́rin tí a jọ ń sùn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ti fọ́n ká. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo tún padà kà á láti òkè. Láti ọjọ́ tí mo ti kun ògiri yẹn, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò wọ inú yàrá mi rí.

Mo lè kí aládùúgbò kan lọ́la, kí n ní kó wọlé wá mu omi. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á bi mí bóyá ejò wà níbẹ̀. Mo máa ń ní kò sí. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní àwọn ń kánjú.

Gbogbo Jímọ̀ ni Àmínà máa ń kọ́kọ́ gba fóònù báyìí. Kì í béèrè bàtà. "Bàbá, ṣé ẹ ti rí ẹni yẹn?"

Mo máa ń ní mo ń wá a lọ́wọ́.